Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ̀ Pé Abẹ́rẹ́ Wọlé

Àárọ̀ ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ bí àárọ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nílé télọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kóòṣì. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin wà láàárín pálọ̀, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń na apá, òógùn ń bọ́ lójú wọn. Òun alára jókòó sínú àga ìrọ̀gbọ̀kú, ó gbé fóònù síwájú, ó fi ọwọ́ kan mú búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ́tà sí, ó sì ń fi ọwọ́ kejì lu orókún rẹ̀.

"Ẹ gbé e sókè! Orókún, orókún! Ìyá Tíṣà, kí ló dé tí ò ń rìn bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù?"

"Ẹ dìde, kẹ́ ẹ wá fi hàn wá." Ìyàwó rẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ṣé o ti rí kóòṣì tó ń gbá bọ́ọ̀lù rí? Kóòṣì ń wò ni!"

Ibi tí orúkọ náà ti wá nìyẹn. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ìlera, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kò sí fídíò eré ìdárayá tí kò sí lórí fóònù rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò tíì wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí ìjókòó. Láti ọjọ́ tó sì ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀gbẹ́ni kan nínú fóònù kan náà pé ohun tí èèyàn bá ń rò ló ń ṣẹlẹ̀ sí i lára, ó ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ àìsàn nínú ilé. Bí orí bá ń fọ́ ọ, orí rẹ ń ronú ni. Bí o bá wúkọ́, ohùn lò ń tún ṣe.

Èrò rere dára o. Èmi náà mọ̀ pé ẹni tó bá ń jí pẹ̀lú ìbẹ̀rù lójoojúmọ́ ò ní gbádùn ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa sọ ọ́ dà ni mo ń bínú sí. Ọkùnrin yìí ti ń mu omi láti oṣù mélòó kan bí ẹni tó jẹ iyọ̀, ó ní omi dára fún ara. Ó ń dìde lọ tọ̀ lóru títí Ìyá Tíṣà fi ṣíwọ́ àti máa ti ilẹ̀kùn yàrá, ó ní ara òun ń fọ ara rẹ̀ mọ́ ni. Ṣòkòtò ń jábọ́ ní ìdí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dín wọn kù lórí maṣíìnì, á sì máa sọ fún àwọn oníbàárà pé eré ìdárayá ló gbẹ òun bẹ́ẹ̀. Eré ìdárayá wo? Èyí tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe?

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Ìyá Tíṣà gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹ̀wà àti ẹyin sísè pẹ̀lú tíì. Kóòṣì tọ́ tíì náà wò, ó fajú ro.

"Ṣé wọ́n ti ta ṣúgà ayé yìí tán ni?"

"Wọ́n ṣì ń tà á. Èmi ni mi ò rà."

Ó dìde, ó lọ sídìí fíríìjì, ó sì mú igo ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan jáde.

"Ní àárọ̀ kùtùkùtù yìí, Bàbá Tíṣà?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣeré ìdárayá tán. Ṣé kí agbára má padà sára ni?"

Ọmọ wọn bú sẹ́rìn-ín sínú ife tíì tó wà lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń kọ́ lọ́wọ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Tíṣà, ó sì máa ń ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà ìsinmi. Ìyá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yà lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì lónìí. Ẹ̀jẹ̀ bíńtín ló máa gbà ní orí ìka. Kẹ́ ẹ tó pa ojú dé, ó ti tán."

Nọ́ọ̀sì tó ń sọ ni ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́yìn ògiri wọn. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọsibítù, ṣùgbọ́n ó ṣì ní àpò iṣẹ́ rẹ̀, àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹni tó bá kanlẹ̀kùn rẹ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá Tíṣà ti lọ, Tíṣà náà ti lọ, ó ku ẹnì kan.

"Ìyá yẹn ń wá àìsàn kiri ni," Kóòṣì ní. "Wọ́n ní kó fẹ̀yìn tì, ó kọ̀, kò fẹ̀yìn tì. Kò sí aláìsàn nílé yìí, Ìyá Tíṣà. Yunifọ́ọ̀mù ń dúró dè mí."

Obìnrin náà kó àwo, ó lọ sẹ́yìnkùlé. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń ṣe. Látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń pọn omi, ó ń fọ, ó ń sá, ó ń lọ̀, òun náà ni wọ́n tún ń sọ fún pé kó gbé orókún sókè. Lọ́jọ́ yẹn, ṣe ló ń fún aṣọ bí ẹni tó ń fún ọrùn ẹnì kan.

Yàrá iwájú tó kọjú sí títì ni ṣọ́ọ̀bù Kóòṣì. Ilé ìwé máa wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, yunifọ́ọ̀mù sì kún ilẹ̀ gègèrè, èyí tí wọ́n ti gé àti èyí tó ku bọ́tìnì. Tíṣà jókòó sórí àpótí, ó ń gán bọ́tìnì. Bàbá rẹ̀ wà nídìí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, ó bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Télọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ ò ní wọ bàtà tẹ maṣíìnì, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ ló máa sọ fún un bóyá ẹ̀rọ ń sáré jù tàbí ó ń fà. Gbogbo àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n Tíṣà ti ń kíyè sí nǹkan kan láti ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn: bàbá òun máa ń bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ kó tó tẹ ẹsẹ̀ maṣíìnì, bí ẹni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun wà níbẹ̀.

Nígbà tó ń rán etí ṣòkòtò kan tó nípọn, abẹ́rẹ́ ṣẹ́ pẹ́ú. Ó fi òmíràn sí i. Ẹnu òun náà ló máa ń fi kìlọ̀ pé ẹni tí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ sí lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá èyí tó já bọ́ rí. Lọ́jọ́ yẹn kò wá a, iṣẹ́ ń lé e. Ó ń rán lọ, ó ń dìde lọ mú òwú, ó ń padà, ó ń lọ sídìí tábìlì láti gé aṣọ, títí Ìyá Oníbúrẹ́dì fi wọlé.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ń yan búrẹ́dì ní ìkángun títì wọn, ó sì wá gba yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀. Kò tíì kí wọn tán tó fi figbe ta.

"Yéè! Kóòṣì! Ẹ̀jẹ̀ ta ni mò ń wò nílẹ̀ yìí?"

Gbogbo wọn wolẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ wà láti ìdí maṣíìnì dé ìdí tábìlì, ó lọ, ó bọ̀, ó tiẹ̀ ti gba orí aṣọ funfun kan kọjá. Tíṣà wo ẹsẹ̀ tirẹ̀, Ìyá Oníbúrẹ́dì náà wo tirẹ̀. Kóòṣì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orókún òsì, ó yí àtẹ́lẹsẹ̀ sókè. Abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ yẹn ti wọlé síbi ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò. Díẹ̀ ló yọ síta nínú rẹ̀.

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ọn. Tíṣà tó wà nítòsí rí ojú rẹ̀ lásìkò yẹn, ó sì rí i pé ọkàn bàbá òun já. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu, Kóòṣì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rí i bí? Ẹ rí i fúnra yín! Abẹ́rẹ́ wọ ẹsẹ̀ mi, ara mi ní òun ò mọ̀ ọ́n! Kí ni mo ti ń sọ fún yín látọjọ́ yìí? Tí ọkàn bá ti kọ ìrora, ìrora ò ríbi wọlé!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ—"

"Dákẹ́, Tíṣà. Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ ti rí irú ẹ̀ rí?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì ò rí irú ẹ̀ rí lóòótọ́, kì í sì í ṣe obìnrin tó máa rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tán kó wá pa á mọ́ sínú. Ó jáde síta, ó pariwo. Kò pẹ́ tí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fi kún. Oníbàtà tó wà lódìkejì títì wá, awakọ̀ kan tó ń dúró de èrò wá, àwọn tí ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá náà wá. Kóòṣì gbé ẹsẹ̀ lé orí àpótí bí ẹni tó ń pàtẹ ọjà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́. Ó sọ̀rọ̀ nípa eré ìdárayá, ó sọ̀rọ̀ nípa èrò rere, ó sì sọ bí òun ṣe ń darí agboolé òun láràárọ̀. Ó ní kí Ìyá Oníbúrẹ́dì mú píìnì kan, kó gún ẹsẹ̀ òun níbi tó bá wù ú.

"Kí n gún un?"

"Ẹ gún un, jàre!"

Ó di ojú, ó gún un. Kóòṣì ò mira. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́! Oníbàtà ní láti ọ̀la lọ òun náà á máa ṣeré ìdárayá. Awakọ̀ ní kí wọ́n fi fídíò eré ìdárayá náà ránṣẹ́ sóun.

Àtẹ́wọ́ yẹn ló mú Ìyá Tíṣà kúrò lẹ́yìnkùlé. Ó gba àárín ilé wọ ṣọ́ọ̀bù, ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo ẹsẹ̀, ó wo píìnì tó wà lọ́wọ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì. Àtẹ́wọ́ rọlẹ̀. Wọ́n ń retí pé kó pariwo, òun náà sì la ẹnu. Lẹ́yìn náà ó tún pa á dé, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó sì jáde.

"Ó ti lọ pe àìsàn wá fún mi," Kóòṣì ní. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ọ̀nà ọ̀fun.

Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó ń rọra rìn, Ìyá Tíṣà sì ń tẹ̀ lé e. Ó kí gbogbo wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́rẹ́ náà dáadáa, kò fọwọ́ kàn án. Kóòṣì ti ń múra ìjà sílẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Tó bá jẹ́ torí kẹ́ ẹ sọ pé mo ń ṣàìsàn lẹ ṣe wá—"

"Ta ló pè ọ́ ní aláìsàn?" ìyá àgbà náà ní. "Wọ́n sọ fún mi pé ara rẹ ti le ju abẹ́rẹ́ lọ. Mo wá wò ó ni. Ṣé o lè ṣe é fún èmi náà?"

Inú Kóòṣì dùn. "Ẹ ṣe é bó ṣe wù yín, Màmá."

"Ó dáa. Di ojú rẹ. Bí ọwọ́ mi bá ti kàn ọ́ lẹ́sẹ̀, ní 'ó ti kàn mí'. Ìyẹn nìkan ni."

Ó di ojú, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì jókòó sórí àpótí Tíṣà. Ó fi orí ìka kan gìgísẹ̀ rẹ̀. Kóòṣì ò sọ nǹkan kan. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, ó fọwọ́ kan àwọn ọmọ ìka lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sún mọ́ àtàǹpàkò, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Kóòṣì ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró. Nọ́ọ̀sì sún sí ẹsẹ̀ kejì, èyí tí abẹ́rẹ́ ò wọ̀, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ẹsẹ̀ náà mú gírí.

"Màmá, tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ o," Kóòṣì ní. "Yunifọ́ọ̀mù ń dúró."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ bo ẹnu, píìnì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn ni Kóòṣì gbọ́ tó fi lajú, ó sì rí ìka ìyá àgbà náà tó há mọ́ ẹsẹ̀ òun lára.

"Ẹ ti... Ṣé ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti mú un?"

"Ó ti ṣe díẹ̀," Nọ́ọ̀sì ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ara tó le máa ń mọ̀ pé abẹ́rẹ́ gún òun, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ rẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ ni. Na ìka rẹ."

Kóòṣì na ìka bí ọmọdé. Ẹ̀rọ kékeré náà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sì kọ iye kankan jáde. Nọ́ọ̀sì ní ohun tó túmọ̀ sí ni pé ṣúgà náà ti ga kọjá ibi tí ẹ̀rọ lè kà á dé, àtọ̀gbẹ ni, ó sì ti wà lára tipẹ́. Ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, kí ẹnikẹ́ni má sì fa abẹ́rẹ́ náà.

Ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ fún yín ohun tí ọkùnrin yìí sọ? Ó ní: "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí yunifọ́ọ̀mù."

Ibẹ̀ ni Ìyá Tíṣà ti bú gbàmù.

"Yunifọ́ọ̀mù! Bàbá Tíṣà, mo ti dákẹ́, mo ti dákẹ́ títí ó ti sú mi! Ẹ̀ ń gbẹ lójú mi, ẹ ní eré ìdárayá ni. Ẹ̀ ń jí lóru, mo ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti mọ̀ bóyá ẹ ṣubú, tílẹ̀ bá mọ́ ẹ ó ní kí n fò sókè! Bí mo bá ní ẹ ò yá, ẹ ní èmi ni mò ń fi ẹnu mi fa àìsàn. Ọkọ ni mo fẹ́! Mi ò wá kóòṣì!"

Àwọn èèyàn rọra ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbàtà rántí pé òun fi gọ́ọ̀mù sórí iná. Awakọ̀ nìkan ló dúró, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ọkọ̀ òun gbé wọn, òun ò ní gba nǹkan kan.

Ní ọsibítù, wọ́n jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tó pè wọ́n. Dókítà tó gbà wọ́n ò ju ọmọdébìnrin lọ lójú Kóòṣì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó yọ abẹ́rẹ́, ó fọ ojú ibẹ̀, ó fa omi sí i lára. Ó wo Ìyá Tíṣà, ó tún wo Kóòṣì, ó sì ní àwọn máa dá a dúró síbẹ̀ títí ṣúgà náà fi máa wálẹ̀.

"Dókítà," Kóòṣì ní. Látìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ nìyẹn. "Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń jẹun. Ṣé màá tún lè fi tẹ maṣíìnì?"

"Bàbá, mi ò ní tàn yín. Ká ní ẹ dúró sílé di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ gígé ẹsẹ̀ là bá máa sọ. Ní báyìí, ó kù sọ́wọ́ bí egbò yìí bá ṣe jinná. Oògùn wà, oúnjẹ wà, ìrìn wà nígbà tó bá jinná. Lójoojúmọ́, kí ẹnì kan nílé máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín, torí ẹ̀yin ò ní mọ̀ bí nǹkan kan bá gún un."

"Èmi fúnra mi á máa rìn láràárọ̀. Láti ọ̀la."

"Rárá o! Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ yìí tẹlẹ̀ rárá fún ìgbà díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣeré ìdárayá, ẹ jókòó sórí àga, kẹ́ ẹ máa ju apá."

Ìyá Tíṣà kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Dókítà," ó ní nígbà tó lè sọ̀rọ̀, "ìyẹn nìkan lẹ ò ní kọ́ ọ. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ṣe é."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó tún ń nu omijé nù. Kóòṣì fẹ́ bínú, kò rí agbára rẹ̀. Ó bi dókítà bóyá èrò rere ò wúlò fún nǹkan kan mọ́ nìyẹn.

"Ó wúlò gan-an, Bàbá. Ẹ máa fi lo oògùn yín."

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹsẹ̀ tí wọ́n di báńdéèjì sì wà lórí ìrọ̀rí. Tíṣà ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé, torí àwọn òbí ọmọ iléèwé máa wá béèrè aṣọ láàárọ̀, òun ló sì máa rán èyí tó kù. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀.

"Bàbá, mò ń lọ. Báwo lara yín báyìí?"

Kóòṣì la ẹnu. Wọ́n mọ ohun tó máa ń sọ, pé kò sí aláìsàn nílé òun, Tíṣà ti tiẹ̀ fẹ́ máa bá a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà pa ẹnu dé. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́bàá ibùsùn látọ̀sán, tí kò tíì ríbi jókòó.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ó ní.

Ìyá Tíṣà mí kanlẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án léjìká, níbi tó ti lè mọ̀ ọ́n lára.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rù ti ń ba èmi nìkan. Ẹ sún díẹ̀, kí n jókòó."